Ọ̀já fún Ajá Tí Ẹ̀rù Ń Bà

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí, ajá tí ariwo máa ń bà lẹ́rù, àti ẹ̀wù kan tí wọ́n ń wọ̀ fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi. Mo sin ajá kan nígbà kan, Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́. Ajá ilẹ̀ wa níbí ni, kì í ṣe ajá òyìnbó. Ó pupa bí erùpẹ̀, etí rẹ̀ sì nà ṣánṣán. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí olè tó dán an wò láti fo ògiri wa. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, tí àrá kù lókè réré, Tanímọ̀la á yí padà mọ́ wa lójú. Á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa gbọ̀n, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ á máa já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìrù rẹ̀ á ti wọ abẹ́ ikùn. Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù lọ láyé, bí o gbé e síwájú rẹ̀, kò ní wò ó.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún kan, aago méjìlá lù, àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà. Mo ti so Tanímọ̀la mọ́ ìdí igi lẹ́yìnkùlé, nítorí àlejò pọ̀ nílé. Ó fi eyín gé okùn, ó fo géètì, ó lọ. Mo súfèé, mo pè é lórúkọ títí ohùn mi fi há. Ọjọ́ kẹta la tó rí i nínú gọ́tà kan lẹ́yìn ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú kan ti ṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Olóríkunkun ni gbogbo wa máa ń fi òwe yìí bá wí. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Tanímọ̀la kò kọ etí ikún sí mi. Ẹ̀rù ló di í létí. Èmi tí mo so ó mọ́ ìta gbangba nígbà tí gbogbo àdúgbò ń dún gbàù-gbàù, èmi ni mo jẹ̀bi.

Ẹ̀rù ariwo yìí wọ́pọ̀ lára ajá ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ní orílẹ̀-èdè Finland, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Helsinki gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2020 lórí ajá tó lé ní 13,700. Nínú gbogbo oríṣi ìpayà tí wọ́n wá lára àwọn ajá náà, ìpayà ariwo ló pọ̀ jù. Ajá 32 nínú 100 ló ní in. Etí ajá kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ etí tiwa. Ìró tó bá ti tín-ín-rín kọjá bíi 20,000 Hertz, kò sí ọmọ ènìyàn tó lè gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ajá ń gbọ́ ọ títí dé bíi 45,000. Nígbà tí àwa bá sì ń wo kàlẹ́ńdà pé ọdún ti dé, ajá kò ní kàlẹ́ńdà. Ohun tó mọ̀ ni pé ayé dún lójijì, kò sì mọ ibi tí ìdún náà ti wá.

Nílé tiwa níbí, ohun tí irú ajá bẹ́ẹ̀ máa ń rí gbà ni pàṣán. Wọ́n á ní ojo ni. Wọ́n á ní ajá tí a ra lówó gọbọi láti máa ṣọ́ ilé, òun ló ń sá wọ abẹ́ àga yìí. Èyí tó burú jù ni ti ajá tó bá já okùn bọ́ sí títì. Ojú rẹ̀ ti ràn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń sá sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá rí i á pariwo pé ajá dìgbòlugi ti dé o! Òkúta àti igi ni wọ́n máa fi pàdé rẹ̀. N kò bá wọn wí pé wọ́n ń bẹ̀rù dìgbòlugi, nítorí àrùn tó ń pa ènìyàn ni. Bí ẹ bá pàdé ajá tí ẹ kò mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yà fún un, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ni ajá, ẹ ronú sí i. Ajá tí kò lárùn kankan lè kú ikú alárùn nítorí pé ẹ̀rù bà á lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn kan á tún sọ pé bí o bá fọwọ́ pa ajá lára nígbà tí ẹ̀rù ń bà á, ńṣe lò ń kọ́ ọ ní ojo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kì í ṣe iṣẹ́ tí ajá ń ṣe gba owó, tí yóò fi tún un ṣe nítorí pé o tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni. Bí ó bá fẹ́ fara tì ọ́, jẹ́ kí ó fara tì ọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wù náà ti wọlé. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbà mí níyànjú níbí. Ọmọ ọwọ́ tó ń ké, tí a fún lọ́mú tí kò gbà, tí a rẹ̀ tí kò dákẹ́, kí ni ẹ máa ń ṣe fún un? Ẹ ó gbé e pọ̀n. Ẹ ó da aṣọ bò ó, ẹ ó fi ọ̀já gbà á, ẹ ó so ó ṣinṣin mọ́ ẹ̀yìn. Kí ẹ tó dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀, oorun ti gbé ọmọ lọ. Ọ̀já kò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún ọmọ. Fífún tó fún un mọ́ra, tí kò dùn ún, tí kò sì tú, òun ló ṣiṣẹ́ náà.

Ẹ̀wù afúnra tí wọ́n ń wọ̀ fún ajá, ọ̀já ni, ajá ni wọ́n gbà á mọ́. Aṣọ tó ń fà ni wọ́n fi rán an. Ó máa ń yí àyà àti ẹ̀gbẹ́ ajá ká, wọ́n á wá fi ìdè tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé tó máa ń dún ṣàà bí a bá já a, dì í pa. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń ṣe ni pé bí nǹkan bá fún ara lọ́nà jẹ́jẹ́ tí kò dáwọ́ dúró, iṣan ara á máa rọ̀, àyà tó ń lù kìkìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìmọ̀ yìí jù lọ ni Temple Grandin, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ìlú Boston lọ́dún 1947. Ó ní ọ́tísíìmù. Láti kékeré, bí ènìyàn bá dì mọ́ ọn, ara rẹ̀ kì í gbà á, bẹ́ẹ̀ ló sì ń wá ohun tó máa fún un mọ́ra lójú méjèèjì. Nígbà tó di ọ̀dọ́, ó lọ sí oko ẹran àǹtí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arizona. Níbẹ̀ ló ti rí àgọ́ irin tóóró kan tí wọ́n máa ń da màlúù sí láti gún un lábẹ́rẹ́. Bí màlúù bá ti wọlé, irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sún mọ́ ọn, á fún un. Ó ṣàkíyèsí pé màlúù tó ti ń tàpá tẹ́lẹ̀, bí irin náà bá ti gbà á mọ́ra báyìí, òmíràn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó bẹ àǹtí rẹ̀ pé kí ó fi òun náà sínú rẹ̀. Ó wọlé, irin fún un, ọkàn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Nígbà tó padà sílé ìwé, ó fi pákó ṣe irú rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, nítorí ọmọbìnrin tí àwọn ènìyàn ń wò bí ẹni tí kò gbọ́ èdè ayé, ó gbọ́ èdè màlúù. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹranko ní Yunifásítì Colorado State, ó sì gbé ìwé ìwádìí jáde lọ́dún 1992 lórí bí fífún mọ́ra ṣe ń mú ara ènìyàn àti ẹranko balẹ̀.

Àwọn tó ń tọ́ ẹranko náà kò jókòó lásán. Linda Tellington-Jones, obìnrin ọmọ Kánádà tó ń tọ́ ẹṣin, ti ń fi báńdéèjì tó ń fà di ẹranko láti mú un fara balẹ̀ kí ẹ̀wù tí a rán tó gbòde. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀wù Anxiety Wrap dé, lẹ́yìn náà ThunderShirt, tó jáde láti ìlú Durham ní North Carolina lọ́dún 2009, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ní ajá kan tó ń jẹ́ Dosi, tí àrá máa ń dà láàmú. Ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù àti téèpù tí wọ́n fi ń di páálí ni wọ́n kọ́kọ́ fi dì í nílé.

Ó wá ku kí a bi ara wa: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí àwọn òyìnbó kàn ń tà á ni? N kò ní tan yín. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò sì ṣiṣẹ́ fún àwọn kan.

Ní Yunifásítì Tufts, wọ́n dán Anxiety Wrap wò lára ajá 18 tí àrá ń bà lẹ́rù, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Nígbà tí ajá fi máa wọ̀ ọ́ nígbà karùn-ún, àmì ìpayà tí àwọn olówó ajá ń kà lára wọn ti fi nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n ajá 18 kéré, kò sì sí ajá mìíràn tí wọn kò wọ̀ ọ́ fún láti fi wé wọn. Olówó ajá tó bá ti fẹ́ kí oògùn jẹ́, ojú rẹ̀ lè máa rí i pé ó ti jẹ́.

Lọ́dún 2014 ni ìwádìí mìíràn jáde, Temple Grandin fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ṣe é. Ohun tó ti ara màlúù bọ́ sára ènìyàn ti wá padà sára ajá. Ajá 90 ni wọ́n lò, wọ́n sì pín wọn sí mẹ́ta. Wọ́n wọ ThunderShirt fún àwọn kan, wọ́n fún un mọ́ wọn bó ṣe yẹ. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún àwọn kan, wọ́n sì jẹ́ kí ó tú. Wọn kò wọ nǹkan kan fún ìyókù. Àwọn tí wọ́n fún un mọ́ bó ṣe yẹ ni ìlùkìkì àyà wọn san jù. Ẹ jẹ́ kí èyí dúró sí yín lọ́kàn. Ọ̀já tó tú kì í gba ọmọ dúró. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù yìí fún ajá bí ẹni wọ agbádá fún un, aṣọ lásán ló wọ̀ fún un.

Ìwádìí tó gbòòrò jù nínú wọn ni ti olùwádìí Stefanie Riemer ní Yunifásítì Bern ní Switzerland, tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn 1,225 tó ń sin ajá, nípa ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀rù báńgà, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2020. Nínú àwọn tó lo ẹ̀wù, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tó ń fún ajá ní oúnjẹ aládùn tàbí tó ń bá a ṣeré ní gbàrà tí báńgà bá ti dún, ó ràn ju ìdá 70 lọ lọ́wọ́. Oògùn tí dókítà ẹranko kọ, ìdá 69. Ẹ̀wù kọ́ ni olórí, olùrànlọ́wọ́ ni. Èmi á ṣì lò ó, nítorí kò léwu bí a bá lò ó dáadáa, kò sì dí ohun mìíràn lọ́wọ́. Ajá tó wọ ẹ̀wù lè jẹ ẹran tó o ń jù sí i bí àrá ṣe ń sán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú owó rẹ̀, mo mọ̀ pé ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ máa ń wọ́n. Báńdéèjì tó ń fà, èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń dì mọ́ orúnkún, lè ṣiṣẹ́ yìí. Ẹ fi àárín rẹ̀ lé àyà ajá lọ́wọ́ iwájú. Ẹ gbé etí báńdéèjì méjèèjì gba orí èjìká rẹ̀, ẹ pa wọ́n kọjá ara wọn lókè ẹ̀yìn. Ẹ mú wọn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ tún pa wọ́n kọjá ara wọn lábẹ́ ikùn, ẹ wá mú wọn gòkè, ẹ so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má so kókó náà lé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá ní báńdéèjì, ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé tó bá ajá náà mu ńkọ́? Ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú bọ apá ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ kó èyí tó kù jọ sókè ìbàdí, ẹ so ó kí ó fún un níwọ̀nba. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ajá kò bá lè mí kanlẹ̀, tàbí tí kò lè jókòó kí ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti le jù.

Ẹ má dúró di alẹ́ báńgà kí ẹ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún un o. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí àrá ń sán nìkan lo máa ń mú ẹ̀wù yìí jáde, ajá gbọ́n, á so ó pọ̀ mọ́ àrá. Bí o bá ti na ọwọ́ sí i, á ti sá. Ọjọ́ tí ara tu gbogbo yín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó jẹ ẹran lórí rẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ òjò gan-an, ẹ wọ̀ ọ́ kí àrá tó sún mọ́ tòsí.

Ohun kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ajá mìíràn, bí wọ́n bá ti wọ ẹ̀wù náà fún un, á kàn dúró gbagidi bí ère. Kò ní gbọ̀n mọ́, kò ní rìn mọ́. Olówó rẹ̀ á ní, ẹ wò ó, ó ti fara balẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀ á dùbúlẹ̀, á mí lẹ́sọ̀lẹsọ̀, á jẹun bí o bá fún un. Èyí tó dúró gbagidi, tó ń lá ètè, tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn, ìnira ló wà. Ẹ bọ́ ọ lára rẹ̀. Ẹ̀wù kì í ṣe ti gbogbo ajá, pàápàá àwọn tí kì í fẹ́ kí ènìyàn di wọ́n mú, nítorí irú wọn lè géni jẹ.

Ooru ilẹ̀ wa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí àwọn tó rán ẹ̀wù náà kò rán an fún ilé tí iná ọba ti lọ, tí fáànù ti dúró. Ajá kì í làágùn lára bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn díẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ajá tí ẹ̀rù ń bà sì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀. Bí o bá wá di aṣọ nípọn mọ́ ọn nínú yàrá tó gbóná, pàápàá ajá onírun púpọ̀ bíi Lhasa tàbí ajá tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, o lè fi ẹ̀wù ìtùnú pa á lára. Aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ gbé omi síwájú rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ máa fọwọ́ wo abẹ́ apá rẹ̀ bóyá aṣọ náà ń bó o. Bí àrá bá ti dákẹ́, ẹ bọ́ ọ. Kì í ṣe ohun àwọ̀sùn.

Ní ti oògùn, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ẹranko ni kí ẹ bi. Oògùn oorun ti ènìyàn, ọtí, tàbí ohunkóhun tí aládùúgbò ní òun lò fún ajá tirẹ̀, ẹ má fi sí i lẹ́nu. Oògùn àtijọ́ kan tiẹ̀ wà, acepromazine, tó máa ń so ara ajá nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ gbogbo ariwo náà, tí ẹ̀rù sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú. Oògùn tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ti wà báyìí fún ẹ̀rù ariwo. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń bójú tó oògùn ti fọwọ́ sí ọ̀kan, tí wọ́n máa ń fi sí àárín èrìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá.

Tanímọ̀la? Báńdéèjì ni mo fi dì í lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná. Nígbà àrá, ó ràn án lọ́wọ́. Kò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ àga mi ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, á gbọ̀n díẹ̀, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n báńgà ju báńdéèjì lọ. Ní alẹ́ ọdún, inú yàrá tó wà láàárín ilé la máa ń mú un wọ̀, a ó ti fèrèsé, a ó da kọ́tìnnì bò ó, a ó tan rédíò sókè, èmi á sì máa já ẹran sí i lẹ́nu bí báńgà bá ṣe ń dún. Oògùn tí dókítà kọ fún un wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kò fo géètì mọ́ láti ọdún náà títí tó fi darúgbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá ni alẹ́ báńgà tiyín. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje. Níbí, òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń kó àrá tó le wá, báńgà sì ń bọ̀ ní ìparí ọdún. Ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ yín bá máa yin báńgà, ẹ ní kí wọ́n má yìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ajá wà, kí wọ́n má sì jù ú lu ajá. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sin ajá, mo bẹ̀ yín, ẹ má so ó mọ́ ìta lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ mú un wọlé, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn.